Ṣàríà Tí Bàbá Kékeré Bèèrè

Ní ọjọ́ kẹjọ ikú bàbá mi, nígbà tí àwọn àáfáà ti ṣe fídáù tán, tí wọ́n ń jẹun lábẹ́ àtíbàbà lójúde wa ní Ṣàgámù, àbúrò bàbá mi dìde láàárín agbo, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bàbá Kékeré ni a ń pè é. Awakọ̀ lọ́rì ni. Láti kékeré mi, mi ò rí i lórí ẹní ìkírun àfi lọ́jọ́ ọdún, ìyẹn náà, ìlà ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró sí kí ó lè tètè lọ. Abà ẹlẹ́mu kan wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà márosẹ̀ tuntun nígbà náà, ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Intaséńjì báyìí. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń wá a lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ máa ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó wé làwàní funfun, ó wọ jálámíà tuntun tí ojú ibi tí wọ́n ti ká a nínú ọ̀rá ṣì hàn lára rẹ̀.

Ó ní, "Ilé mùsùlùmí ni ilé yìí. Ṣàríà ni a ó fi pín ogún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò bí ọkùnrin. Obìnrin méjì tó bí, ilé ọkọ ni wọ́n ń lọ. Èmi ni ọkùnrin tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, èmi ni mo ni ilé, èmi ni mo ni oko obì, èmi ni mo ni ìsọ̀."

Ọdún náà ni àwọn tó ń kọ òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè ń fa ọ̀rọ̀ ṣàríà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bóyá kí kóòtù ńlá kan wà fún un tàbí kí ó má sí. Rédíò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ó dá mi lójú pé ẹnu rédíò ni Bàbá Kékeré ti gbọ́ ọ, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde rí.

Ìyá mi jókòó sínú yàrá, nínú opó. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Kékeré wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní tí ó bá fẹ́ máa gbé inú ilé náà, kí ó gbà kí òun ṣú u lópó. Bí kò bá gbà, kí ó padà sílé bàbá rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe opó mi tán. Mi ò fẹ́ ọkọ mìíràn."

"Kí lo wá ń ṣe nínú ilé yìí? Kí lo bí? Ìyàwó lo bí fún onílé-onílé."

Bí ó ti sọ ọ́ gan-an nìyẹn, lójú àwọn àáfáà tí òróró ẹran sàárà wà lẹ́nu wọn. Àwọn kan wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a wí. Èmi dúró lẹ́yìn ìyá mi, mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú. Mo ti ń ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́, mo ti ń jẹun lágbára ara mi, mi ò sì tíì kórìíra ẹnikẹ́ni rí ní ayé mi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ́ ìkórìíra. Ó wọ inú mi, ó jókòó.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀. Ó ta agbọ̀n obì gbàǹja tí bàbá mi ti dì sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wá láti Òkè Ọya. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ti Ìkẹ́nnẹ́ dé, mo bá ìkòkò ìyá mi, àdògán rẹ̀ àti ẹní rẹ̀ lójúde, omi òjò kún inú ìkòkò. Ìyá mi jókòó lórí àpótí lábẹ́ òrùlé aládùúgbò, ó fi aṣọ opó bo orí. Yàrá iwájú, níbi tí bàbá mi kú sí, ni Bàbá Kékeré ti fi àgádágodo sí. Ó tẹ́ ibùsùn tirẹ̀ síbẹ̀.

Mo bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, òjò ń pa ìyá mi."

Ó ní, "Òjò kì í pa ẹni tó bá ní ilé bàbá."

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, mi ò kúnlẹ̀ kí i mọ́.

Ọ̀dọ̀ Màmá Ìrolú la kó lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Ìyá kan, bàbá kan ló bí òun àti bàbá mi. Bàbá Kékeré jẹ́ ọbàkan wọn, ìyá tirẹ̀ ni ìyàwó kejì. Ìrolú ni Màmá ń gbé, ó ń dáko ẹ̀gẹ́, ó ń yan gàrí, èéfín àgbadá ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó ti ní ìjà tirẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Kékeré ṣáájú wa. Nígbà tí bàbá wọn kú láyé àtijọ́, ó ní oko kan tí Màmá ti ń dá láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Bàbá Kékeré gba oko náà, ó ní obìnrin kì í ní ilẹ̀. Irọ́ ni, kò sí nínú àṣà Rẹ́mọ pé ọmọbìnrin kò gbọ́dọ̀ jogún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi wà ní Òkè Ọya nídìí obì nígbà náà, kò sì sí ẹni tó gbèjà Màmá. Ó wá oko mìíràn yá. Bàbá Kékeré kì í sọ "ẹ" sí i bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. "Ìwọ" ni ó máa ń pè é, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀.

Màmá gbà wá, ó fún ìyá mi ní ibùsùn tirẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi Rẹ́mọ paraku ṣépè kan tí mi ò lè kọ síbí, ó sì padà sídìí àgbadá rẹ̀.

Ìyá mi kó ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà ìdílé. Wọ́n ní kí ó ṣe sùúrù. Ó ṣe sùúrù. Nígbà tí opó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí wọ́n ṣì ń sọ sùúrù, èmi àti àbúrò mi bá a lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ ní Ṣàgámù, a pe Bàbá Kékeré lẹ́jọ́. Akọ̀wé kóòtù tó gba ẹjọ́ náà sílẹ̀ sọ fún wa pé kí a má bẹ̀rù. Ó ní ní Rẹ́mọ, àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, àbúrò olóògbé kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ẹjọ́ ìjókòó kan ni.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àbúrò mi fò sókè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń darí lọ sí Ìrolú nínú ọkọ̀, mo ń rò ó, ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá fi àṣà dá ẹjọ́ náà, Bàbá Kékeré yóò pàdánù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yóò máa fọ́nnu káàkiri abà ẹlẹ́mu pé kóòtù kèfèrí ló rẹ́ òun jẹ, pé bí ó bá jẹ́ òfin Ọlọ́run ni, òun ni olóhun. Yóò wé làwàní yẹn títí yóò fi kú. Ìtìjú rẹ̀ ń wù mí bí oúnjẹ ti ń wu aláàwẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Mo fẹ́ kí ohun tó fi lù wá gan-an bọ́ lé e lórí. Mi ò kàn mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ní Sábó, láàárín àwọn Hausa tó ń ra obì ní Ṣàgámù, màálámù àgbà kan wà tí òun àti bàbá mi jẹ́ ọ̀rẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń ra obì; òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nídìí alíkálì, adájọ́ ṣàríà, ní Òkè Ọya, kí ó tó wá jókòó ti ọmọ. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ti gbọ́ ikú bàbá mi, ó ṣàdúrà fún un, ó ní kí n jókòó lórí awọ àgbò tó tẹ́ sílẹ̀.

Mo bi í léèrè pé kí ni ṣàríà gan-an. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí òyìnbó tó dé, ìta ààfin ni alíkálì máa ń jókòó sí nílẹ̀ wọn, ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹjọ́ olè, ẹjọ́ ìyàwó, gbogbo rẹ̀ ni ó ń dá. Òyìnbó dé, ó bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, wọ́n gba ẹjọ́ ọ̀daràn lọ sí abẹ́ ìwé òfin mìíràn, ohun tó kù fún alíkálì kò wá ju ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ọmọ àti ogún lọ.

Ó ní, "Ní ilẹ̀ yín níbí, ìjọba kò kọ́ ilé fún un rárá. Inú mọ́ṣáláṣí àti inú ilé àáfáà ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fi lè gbé e kọ́ ọrùn."

Mo ro ẹjọ́ wa fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Kékeré ti lé ìyá mi jáde nínú opó, ó da ojú rú.

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Ọlọ́run ní kí opó fi jókòó nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ta ló ní kí ó lé e?"

"Òun náà ni, ẹ̀yin bàbá. Ó sì ní òun fẹ́ ṣú u lópó."

"Ìyẹn kò sí nínú ṣàríà. Àṣà ni. Nígbà tí àṣà bá dùn, ó mú àṣà. Nígbà tí ṣàríà bá dùn, ó mú ṣàríà." Ó mi orí. "Ọmọ mi, ogún bàbá rẹ, ẹ̀yin ọmọbìnrin méjèèjì ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta. Ìyá rẹ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ohun tó bá kù, ọkùnrin tó bá sún mọ́ bàbá rẹ jù ló ń mú un. Ọkùnrin yìí, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn?"

"Rárá. Ọbàkan ni wọ́n."

"Bàbá rẹ kò ní ọmọ ìyá?"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ìrolú. Ìyá kan, bàbá kan."

Màálámù gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ kalẹ̀ lórí itan.

"Ṣé ó wà láàyè?"

"A wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka fa ìlà sílẹ̀. Ó ní bí olóògbé bá fi ọmọbìnrin sílẹ̀, tí kò sì bí ọkùnrin, tí bàbá rẹ̀ kò sí mọ́, tí kò sì ní ọmọ ìyá ọkùnrin, arábìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni yóò dúró sí ipò arákùnrin. Òun ni yóò kó ìyókù. Ọbàkan ọkùnrin yóò dúró síta, kò ní mú nǹkan kan.

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní, "Kò ní mú nǹkan kan rárá?"

"Bí ẹyọ obì kan."

Mi ò lè ṣàpèjúwe ohun tó ṣe mí lórí awọ àgbò yẹn. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí, omijé ló jáde. Mo bẹ màálámù pé kí ó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wò mí tìfura-tìfura, ó ní òun kì í polówó òfin kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi òun, òun kò ní purọ́ fún un. Ó ní ìyá mi yẹ kí ó mọ̀ pé bí a bá fi àṣà Rẹ́mọ dá ẹjọ́ náà, ohun tí yóò kan èmi àti àbúrò mi yóò pọ̀ ju ti ṣàríà lọ.

Mo ní, "Mo mọ̀, bàbá. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Nílé, mo sọ fún ìyá mi àti Màmá Ìrolú nìkan. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní kí a mú èyí tó rọrùn, kí a bọ́ lọ́wọ́ ìjàngbọ̀n. Mo rán an létí pé nínú àṣà, ìyàwó kì í jogún ọkọ, pé ṣàríà nìkan ló kà á mọ́ ẹni tó ni nǹkan nínú ilé tí òun àti bàbá mi jọ kọ́. Ìyẹn ló mú un rọ̀. Màmá Ìrolú bi mí pé, "Èmi ni màá tì í jáde?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó ní, "Èmi, obìnrin." Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Bàbá Kékeré wọlé pẹ̀lú làwàní, àáfáà kan tẹ̀ lé e, ẹni tó mọ ìrun í kí ṣùgbọ́n tí kò kọ́ ìmọ̀ ogún. Ààrẹ kóòtù jẹ́ àgbàlagbà kan tó wọ awò, ọmọ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, ẹni pẹ̀lẹ́. Ó bi Bàbá Kékeré ohun tó ní í sọ.

Bàbá Kékeré ní, "Olúwa mi, mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n mi, mùsùlùmí ni mí. Mi ò gba òfin àṣà. Ṣàríà ni mo fẹ́."

Ààrẹ yíjú sí ìyá mi. "Ìyá, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú àṣà Rẹ́mọ, àwọn ọmọ yín ló ni ogún bàbá wọn. Kò sí ẹni tó lè fi ipá mú yín sínú òfin mìíràn. Kí lẹ rí sí i?"

Ìyá mi ní, "A gbà fún un. Kí wọ́n fi ṣàríà pín in."

Ariwo díẹ̀ sọ nínú kóòtù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó bá wa wá di orí mú. Bàbá Kékeré fi ẹ̀yìn ti àga, ó na ẹsẹ̀. Mo rí ẹ̀rín tó rín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń rántí ẹ̀rín yẹn tí inú mi yóò sì dùn.

Ààrẹ ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kóòtù yóò pe àwọn onímọ̀, nítorí òun kò mọ ṣàríà. A dárúkọ màálámù Sábó. Bàbá Kékeré náà ní kí wọ́n pe Lẹ́mọ́mù àdúgbò rẹ̀ kún un, kí Hausa má baà ṣe ojúsàájú sí ọmọ oníbàárà rẹ̀. Mo dìde, mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ní kí kóòtù jẹ́ kí Bàbá Kékeré búra pé ohun yòówù tí ṣàríà bá sọ, òun yóò gbà á, kí ó má baà di pé ó sọ pé àṣà ni òun fẹ́ lọ́la.

Ó wò mí bí ẹni wo kòkòrò. Ó ní, "Ìwọ ọmọdé yìí, èmi lo fẹ́ kọ́ ní ẹ̀sìn?" Ó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún bẹ̀ ẹ́. Ó búra. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, kóòtù kún. Ó ti sọ ọ́ káàkiri gareèjì pé kí wọ́n wá wo bí òfin Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́. Màálámù àti Lẹ́mọ́mù jókòó lórí àga kan náà níwájú. Ààrẹ ní kí Bàbá Kékeré dárúkọ àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀.

"Ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì, àti èmi."

Màálámù bi í pé, "Kò sí ẹlòmíràn?"

"Kò sí."

"Bàbá yín, ìyá olóògbé?"

"Wọ́n ti kú."

"Olóògbé kò ní ọmọ ìyá, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin?"

Bàbá Kékeré ṣe bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. "Obìnrin kan wà ní Ìrolú. Kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin ni."

Màmá Ìrolú ti jókòó sẹ́yìn láti àárọ̀, kò sí ẹni tó wò ó. Ó dìde nísinsìnyí. Ó wọ aṣọ òkè kan tí ó ti pẹ́, ó fi ìborùn bo orí. Ààrẹ bi í bóyá òun àti olóògbé jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Lẹ́mọ́mù mọ̀ ọ́n, ó jẹ́rìí sí i.

Màálámù wá sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó pín in gẹ́gẹ́ bí ó ti pín in fún mi lórí awọ àgbò: ìdá méjì nínú mẹ́ta fún àwọn ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ fún ìyàwó, ìyókù fún arábìnrin.

Ààrẹ ní, "Ọkùnrin yìí ńkọ́?"

"Arábìnrin yìí dúró síwájú rẹ̀. Kò ní nǹkan kan."

Bàbá Kékeré yíjú sí àáfáà tó mú wá. Àáfáà náà ń wo ọmọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí Lẹ́mọ́mù, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ pè.

"Lẹ́mọ́mù, ẹ bá mi dá a lóhùn. Ẹ sọ òtítọ́."

Lẹ́mọ́mù pa ojú dé, ó ronú, ó ní, "Bí wọ́n ti pín in yẹn ló rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa. Bí ìwọ náà bá ti máa ń wá síbi wáàsí ni, ìwọ ì bá ti gbọ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, òmíràn gbà á, ẹ̀rín gba kóòtù kan. Làwàní Bàbá Kékeré ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ jẹ́ kí a wo àṣà, pé ẹbí ni gbogbo wa. Ààrẹ ní kí akọ̀wé ka ìbúra rẹ̀ jáde. Akọ̀wé kà á.

Ó yẹ kí n jókòó. N kò jókòó. Mo tún dìde, mo ní mo fẹ́ kí kóòtù bi àwọn onímọ̀ bóyá ṣàríà gbà kí ènìyàn lé opó síta nínú òjò kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ìyá mi fa aṣọ mi, ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀." Kò tó. Mo jẹ́ kí màálámù sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, mo jẹ́ kí ààrẹ bá a wí bí ọmọ ilé ìwé. Mo ń wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Mi ò fẹ́ kí ìkankan bọ́ mọ́ mi lójú.

Lọ́jọ́ tí ó máa kó jáde, kóòtù rán méṣẹ́ńjà tẹ̀ lé wa. Bàbá Kékeré na kọ́kọ́rọ́ sí ìyá mi. Mo ní rárá, Màmá Ìrolú ni kí ó fún. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ ọwọ́ tó ti dá egbò nídìí àgbadá. Ó pẹ́ kí Bàbá Kékeré tó gbé e síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ "ẹ" lẹ́nu rẹ̀ sí i nìyẹn. Màmá ní, "O káre," ó sì yà fún un kí ó lè gbé ẹní rẹ̀ kọjá.

Yàrá iwájú ni Màmá bèèrè fún nínú ìpín rẹ̀. Kò kó kúrò ní Ìrolú o, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń wá, yóò ṣí fèrèsé méjèèjì, yóò gbé àga síta, yóò jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Bí Bàbá Kékeré bá wa ọkọ̀ kọjá, yóò rí i. Èmi ni mo ra àga náà fún un.

Àwọn ènìyàn ti bi mí léèrè pé irú òfin wo ni mo gbà yẹn, tó jẹ́ pé bí mo bá ní arákùnrin, ìlọ́po méjì tèmi ni yóò mú. Mi ò bá wọn jiyàn. Àbúrò mi pàápàá ń bínú sí mi títí di òní. Ó ní nínú àṣà, àwa méjèèjì ì bá ti ni gbogbo rẹ̀, pé mo fi ogún wa ra ẹ̀tẹ́ fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Mo rà á, ó sì tọ́ sí iye tí mo rà á. Ilẹ̀ tí mo pàdánù, ìyá mi àti Màmá ló ni ín. Ẹ̀tẹ́ náà, èmi nìkan ni mo ni ín.

Bàbá Kékeré kò lè gbé Ṣàgámù mọ́. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní "Alíkálì" ní gareèjì, wọ́n á ní kí ó bá wọn pín ẹran. Ó ta lọ́rì rẹ̀, ó lọ sí Ògìjó, ó di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan. Nínú oṣù ààwẹ̀ kan, ó wá kí ìyá mi. Ó ti rù. Ìyá mi bu oúnjẹ ìṣínu fún un, ó ń pè é ní ọkọ mi bí ìgbà àtijọ́. Mo jókòó sínú yàrá, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó kí mi láti pálọ̀. Mo gbọ́. N kò dáhùn.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Ṣàgámù ni wọ́n gbé e wá. Nígbà tí wọ́n kírun sí i lára tán, Lẹ́mọ́mù kan náà, tí ó ti darúgbó gan-an, yíjú sí gbogbo wa. Àwa obìnrin dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, bí olóògbé yìí bá ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ foríjì í nítorí Ọlọ́run."

"A foríjì í," ni gbogbo agbo wí. Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀, ó ròkè dáadáa. Màmá Ìrolú náà wí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò fẹ́ kí ó tún dúró de òun lọ́run pẹ̀lú ẹjọ́ mìíràn.

Wọ́n gbé e lọ. Bí a ti ń padà wọlé, ìyá mi rìn sún mọ́ mi.

"Mi ò gbọ́ ohùn rẹ níbẹ̀ yẹn."

"Mi ò sọ nǹkan kan ni, ìyá mi."

Ó wò mí títí, kò bi mí mọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo gbé omi kaná fún àwọn tó lọ gbẹ́ sàréè.